Ẹkúndayọ̀ àti Ìbúra Kóòtù

Gbogbo Ìkòsí ló mọ̀ pé Ẹkúndayọ̀ kò gbà pé Ọlọ́run wà. Bí wọ́n bá kí i pé, "Ọlọ́run á ṣọ́ wa o," á ní, "Ẹ ti ilẹ̀kùn yín dáadáa." Ògbólógbòó ni nídìí fífa ṣéènì, ẹ̀wọ̀n irin gígùn tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀, fún àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Ogún ọdún ló fi fa á la igbó Kétu já, kò pàdé iwin kan.

Lọ́dún 1974, Sàláwù, olórí àwọn ọmọ onílẹ̀, fẹ́ gba ilẹ̀ tí ilé wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́ Hùmúàní, opó tó ń ta àlùbọ́sà. Ó ní ọkọ rẹ̀ kò rà á rí. Nínú àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wọn ilẹ̀ náà, Ẹkúndayọ̀ nìkan ló kù láyé. Bí kò bá jẹ́rìí, ìta ni opó ń lọ.

Ní kóòtù ìbílẹ̀, akọ̀wé na Bíbélì sí i, ó mirí. Ó na Kùránì, ó mirí. Ó gbé irin Ògún síwájú rẹ̀, ó tún mirí.

"Bàbá, ta ló máa mú yín tẹ́ ẹ bá purọ́?" akọ̀wé bi í.

"Kò sẹ́nì kan. Èmi fúnra mi ni mi ò fẹ́ purọ́."

Sàláwù fò dìde. "Ẹni tí kò gba nǹkan kan gbọ́, kí la fẹ́ gbà gbọ́ lẹ́nu ẹ̀?"

Inú bí Ẹkúndayọ̀. "Ta ló ní mi ò gba nǹkan kan? Mo gbà pé irọ́ burú. Mo gbà pé ẹni tó ra ilẹ̀ ló ni ín. Mo gbà pé òkú ò lè wá rojọ́, àwa alààyè la máa bá a rò ó. Mo gbà pé..."

"Ó tó," adájọ́ ní. "Lèmọ́mù wa gan-an ò gbà tó báyìí."

Ẹkúndayọ̀ fa ṣéènì yọ nínú báàgì. "Èyí ni mo lè fi búra. Kò purọ́ fún mi rí."

Akọ̀wé rí i pé irin ni, inú rẹ̀ dùn, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì kà á sókè: "Ẹlẹ́sìn Ògún."

Hùmúàní mí kanlẹ̀. Ẹkúndayọ̀ wò ó, àánú rẹ̀ ṣe é. Ká ní ó lè dákẹ́ ni.

"Ẹ pa á rẹ́. Èmi kì í ṣe ẹlẹ́sìn Ògún."

"Yéè! Ẹ ti pa mí, Bàbá Ẹkún!" Hùmúàní káwọ́ lérí.

Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Sàláwù, ẹlẹ́rìí yín mẹ́ta ló búra láàárọ̀: ọ̀kan fi Bíbélì, ọ̀kan fi Kùránì, ọ̀kan fi irin. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n sọ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣẹlẹ̀. Bàbá yìí ò gba irọ́ tó máa gbè é pàápàá. Ẹ máa wí, Bàbá."

"Ẹ̀sìn wo ni kí n wá kọ, sà?" akọ̀wé béèrè.

"Kọ pé ó gbàgbọ́ gidigidi. Fi àyè orúkọ ẹ̀sìn sílẹ̀ lófìfo."

Nírọ̀lẹ́, Hùmúàní gbé agbọ̀n àlùbọ́sà kan wá, ó kúnlẹ̀ gbàgà. "Ọlọ́run á san án fún yín o!"

Ẹkúndayọ̀ húkọ́. "Ẹ sáà lọ ti ilẹ̀kùn yín dáadáa."

Hùmúàní bú sẹ́kún, nítorí ó ṣì ní ilẹ̀kùn tó máa tì.