Páálí Ìpara Ọmọ Ìyá Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá fún un ní ẹ̀bùn, páálí tí ẹ di ẹ̀bùn náà sí ni yóò kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Yóò yí i po, yóò fi èékánná họ ọ́ lára, yóò tú ìdí rẹ̀ láti mọ ibi tí gọ́ọ̀mù gbà, ẹ̀yìn náà ni yóò tó rántí pé ó yẹ kí òun dúpẹ́. Onípáálí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Yàrá méjì ló fi ṣe ibi iṣẹ́ nísàlẹ̀ ilé tó ń gbé: tábìlì ìgépáálí wà níwájú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lẹ́yìn. Páálí oògùn, páálí ọṣẹ, páálí bàtà ọmọdé, òun ni. Iṣẹ́ tí í sọni di olówó kọ́, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ẹni tó mọ ìṣirò sùn lébi.

Àbúrò kan ṣoṣo ló ní, obìnrin, ọmọ ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá wọn ti kú, ohun tó kù láàárín wọn kò ju ìkíni lọ. Àbúrò á béèrè àlàáfíà, ẹ̀gbọ́n á ní a dúpẹ́, ó tán. Obìnrin yìí ń po ìpara nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ìpara náà dára. Kódà ìyàwó Onípáálí, tí kì í yin ará ilé ọkọ rẹ̀ lásán, kò fi í ṣeré. Ṣùgbọ́n ike lásán ló ń rọ ọ́ sí, pẹ̀lú bébà tó ń ṣí lára rẹ̀ bí èèpo àlùbọ́sà. Nígbà tí ilé ìtajà oògùn ńlá kan wá sọ fún un pé àwọn á bá a tà á bó bá ti ní páálí tó bójú mu, ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gbà lọ tààrà.

Ó gbé ike kan kalẹ̀ lórí tábìlì. “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bá mi wá aṣọ fún ọmọ mi.”

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wá lẹ́yìn tó bá ti pín ọjà rẹ̀ tán, àwọn méjèèjì á sì jókòó ti àwọn ègé páálí bí ẹni tó fẹ́ yan aṣọ ìgbéyàwó. Páálí fúnra rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ yàn. Ọwọ́ àbúrò lọ sí èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí eérú, nítorí òun ló pọ́ọ́kú. Onípáálí kò bá a jiyàn. Ó bu ìpara díẹ̀, ó fi pa ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní kó máa lọ ilé. Nígbà tó padà wá, òróró ti là á já sí ojú, ó rí bí àjà tí òjò jò sí. Ẹ̀gbọ́n ní ohun tí oníbàárà rẹ̀ máa rí nìyẹn lọ́jọ́ tí ìdérí ike kan bá ṣí díẹ̀. Wọ́n mú èyí tó funfun lójú tó funfun lẹ́yìn, tó sì nípọn díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ó kan ọ̀rá tí wọn á fi bo ojú rẹ̀. Àbúrò fẹ́ dúdú tó ń dán gbinrin. Onípáálí ní kó fọwọ́ kan èyí tó wà níbẹ̀, kó wá gbé e sí ìmọ́lẹ̀. Àmì ọwọ́ rẹ̀ wà lára rẹ̀ bí ìgbà tí olè wọlé. Ó ní ẹni mélòó ló máa gbé e wò kí ẹnì kan tó rà á? Wọ́n fi dúdú sílẹ̀, wọ́n mú àwọ̀ aró, pẹ̀lú ọ̀rá tí kò dán, tó rí múlọ́múlọ́ bí ara ọmọ tuntun.

Ìjà gidi wà lórí àwọ̀ wúrà. Irin gbígbóná ni wọ́n fi ń tẹ irú rẹ̀ mọ́ páálí, bí irin náà bá sì ti ń fẹ̀ ni owó rẹ̀ ń fẹ̀. Àbúrò fẹ́ wúrà lórí orúkọ, létí, lábẹ́, àti òdòdó kan lókè.

“Orúkọ nìkan,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Bí gbogbo ara bá ń dán, kò sí èyí tó dán mọ́.”

“Ahun ni yín. Inú màmá lẹ ti ń ṣọ́wó bọ̀.”

“Èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ibẹ̀. Ká ní mo ná gbogbo rẹ̀ tán ni, kí lo ò bá bá níbẹ̀?”

Àbúrò rẹ́rìn-ín títí tó fi di etí tábìlì mú. Ọ̀rọ̀ ìyá wọn tí wọn kì í fẹ́ dá sílẹ̀ láàárín ara wọn tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí wọ́n ń fi ṣe àwàdà. Ìyàwó Onípáálí ṣàkíyèsí pé ọkọ òun ti ń kọrin nídìí iṣẹ́. Òun náà ló bi í léèrè ìdí tó fi ní kí oníbàtà wá ibòmíràn gbé iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó dá a lóhùn pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo lòun ní, ti àbúrò òun sì lè bẹ̀rẹ̀ nígbàkúgbà.

Ó fi bíléèdì gé àwòṣe kan, pẹ̀lú wúrà lórí orúkọ nìkan, ó ká a, ó lẹ̀ ẹ́. Ó dára lójú, àfi àṣìṣe kan. Ọlọ́wọ́ òsì ni Onípáálí, ọwọ́ òsì yẹn ló sì fi dán ìdérí wò bó ti ń gé e, bẹ́ẹ̀ ló ṣe gé ojú ibi tí à ń ki àtàǹpàkò bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òdì. Àbúrò gbìyànjú láti ṣí i, ọwọ́ rẹ̀ lọ́. Ó ní gbogbo pàṣán tí màmá fi na ọwọ́ òsì yìí, òfo ni. Ẹ̀gbọ́n ní òun máa tún ojú ihò náà ṣe nígbà tí òun bá ń ṣe irin ìgépáálí gidi, èyí tí ẹ̀rọ fi ń gé gbogbo wọn bákan náà. Àbúrò bẹ̀ ẹ́ pé kó má tíì ṣe irin, kó jẹ́ kí òun gbé àwòṣe náà lọ ilé kí òun máa wò ó. Ó jẹ́ kó gbé e lọ. Àwọn onípáálí kì í ta àwòṣe, wọn kì í sì í gbowó rẹ̀, nítorí ẹni tó bá gé àwòṣe ni iṣẹ́ ń padà wá bá. Àdéhùn tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sílẹ̀ ni.

Àbúrò kò dá ẹsẹ̀ dúró. Ó ń wá, ó ń jókòó, ó ń béèrè. Ṣé ọ̀rá náà á bo etí tí wọ́n máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀? Ẹ̀gbọ́n ní rárá, gọ́ọ̀mù kì í gbà lórí ọ̀rá. Nígbà tó yá, ó ní òun tún fẹ́ ṣe páálí fún ike ńlá; ṣé fàdákà ò ní yẹ ìyẹn ju wúrà lọ? Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni Onípáálí fi ro ọ̀rọ̀ fàdákà yìí.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ló gbé páálí oògùn lọ sí ilé ìtajà ńlá yẹn. Bó ti ń dúró de ẹni tó máa gbà á, ó gbójú sókè, ó rí àwòṣe rẹ̀ lórí pẹpẹ, aró pẹ̀lú orúkọ wúrà. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé àbúrò òun ti gbé e wá fi hàn wọ́n. Ó tiẹ̀ ti ń sọ fún obìnrin tó ń tajà pé ọmọ ìyá òun ló ni ín kó tó na ọwọ́ mú un. Òmíràn wà lẹ́yìn rẹ̀. Òmíràn tún wà lẹ́yìn ìyẹn, títí dé ara ògiri.

Ó ṣí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ihò àtàǹpàkò wà ní ẹ̀gbẹ́ òdì. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ kò mọ̀ pé àṣìṣe ni. Bó ṣe bá a ló ṣe é.

“Ó rẹwà o,” ni obìnrin náà wí, “ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ní ó le láti ṣí.”

Ó bi í pé ìgbà wo ló dé ọ̀dọ̀ wọn. Obìnrin náà ní ó ti ju oṣù kan lọ, pé ilé ìtẹ̀wé ńlá tó wà ní títì kejì ló ń kó o wá. Onípáálí san owó ọ̀kan, ó gbé e lọ ilé. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ rí i, ó ní ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Onípáálí bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́, ọmọ ìyá òun ni.

Àbúrò dé lọ́jọ́ tó máa ń dé, pẹ̀lú ike ńlá tuntun nínú báàgì rẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n lè wọ̀n ọ́n. Ó bá páálí náà lórí tábìlì. Ó jókòó láìkí ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà ló wá ń sọ pé àwọn yẹn ní ẹ̀rọ ńlá, pé tiwọn yá, pé òun ti fẹ́ wí tẹ́lẹ̀.

“Ṣé mo bi ọ́ léèrè ẹ̀rọ?”

Àbúrò wo ilẹ̀. “Bọ̀ọ̀dá mi, bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣe é, gbogbo ayé á ní ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló gbé e dìde. Kò sí ohun tí mo ṣe rí tí wọn ò fi yín kún un. Mo fẹ́ kí ohun kan jẹ́ tèmi.”

“Páálí, èmi ni mo yàn án. Ọ̀rá, èmi. Wúrà, èmi. Títí dórí àṣìṣe ọwọ́ mi lo kó lọ. Èwo ni tìẹ níbẹ̀?”

Àbúrò yí páálí náà dojú bolẹ̀ lórí tábìlì. Nígbà tí Onípáálí tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le.

“Ká ní o sọ fún mi pé ọ̀dọ̀ wọn lò ń lọ ni, ǹ bá bínú, á sì tán. Ṣùgbọ́n páálí ti dé orí pẹpẹ, o tún ń wá síbí. Ò ń bá mi rẹ́rìn-ín, ò ń bá mi sọ̀rọ̀ màmá. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ọjọ́ tó o wá nítorí mi?”

“Mo gbádùn ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá. Kì í ṣe irọ́.”

“Èmi náà gbádùn ẹ̀. Ibẹ̀ ló ti burú.”

Àbúrò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ike ńlá náà ti yọ orí jáde nínú báàgì, ó sì wà láàárín wọn. Ó wò ó, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó béèrè wẹ́rẹ́ pé ṣé kí òun máa gbé e lọ ni.

“Máa gbé e lọ. Ẹni tó ń bá ọ tẹ̀ ẹ́ náà ní rúlà.”

Ó dìde, ó ti ike náà wọ inú báàgì, ó gbé e kọ́ èjìká. Onípáálí ti fa páálí oògùn mọ́ra, ó ń wá bíléèdì rẹ̀. Kò sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.