Èwo Ni Kí Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ Kọ́kọ́ Gbọ́?

Nílé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́, Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é, kì í sì í ṣe nítorí ìrìn rẹ̀ o, nítorí ohùn rẹ̀ ni. Bó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà dókítà tó ń pe orúkọ, àwọn aláìsàn á na ọrùn síwájú. "Nọ́ọ̀sì, ṣé àwa lẹ ń pè ni, àbí ògiri?" Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á tún un pè, kò sì ní sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ẹ má bá a wí, bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ìyá tó bí i kú lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin ló wò ó dàgbà, Màmá Ńlá ló ń pè é. Nínú ilé yẹn, bí ọmọ náà bá pariwo díẹ̀ báyìí, tàbí tó bú sẹ́rìn-ín, bàbá rẹ̀ á dìde nídìí oúnjẹ, á wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn. Màmá Ńlá á wá fi ìka lé ẹnu: "Ẹyin lohùn o, ọmọ mi. Bó bá balẹ̀, fífọ́ ní ń fọ́. Rọra sọ̀rọ̀." Ọmọdé kò mọ̀dí. Ó gbà pé òun ló ń ṣẹ bàbá òun. Ló bá pa ohùn rẹ̀ mọ́ra títí ó fi gbaṣẹ́, títí ó fi bímọ tirẹ̀ pàápàá.

Ìgbà tí bàbá náà kú ni Màmá Ńlá tó tú àṣírí. Wọ́n jókòó ní yàrá olóògbé, wọ́n ń ká aṣọ rẹ̀, ni ìyá arúgbó náà bá là á mọ́lẹ̀ lójijì: "Olórin ni ìyá rẹ. Gìtá ló máa ń ta sí orin tó ronú kọ fúnra rẹ̀. Àwo mẹ́ta ló ṣe, wọn ò rà á. Bàbá rẹ kó èyí tó wà nílé dànù, kò fẹ́ gbọ́ ohùn yẹn mọ́ láyé."

Háà! Kéèyàn dàgbà títí, kó má mọ̀ pé ohùn ìyá òun wà níbì kan! Inú bí Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ gidigidi. Èyí tó burú jù ni pé láti ọjọ́ náà, kò lè dá wà mọ́. Bó bá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní wọ́ọ̀dù, á ṣe é bíi pé ẹnì kan dúró lẹ́yìn òun tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Á yíjú, kò ní rí ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù bà á gan-an, kì í sì í ṣe ẹ̀rù òkú. Ẹ̀rù pé bóun bá gbọ́ ohùn náà, òun lè má dá a mọ̀ ló ń bà á.

Ló bá wá Bàbá Abẹ́rẹ́ lọ. Àgbàlagbà yìí ń ta àwo orin àtijọ́ ní ìsọ̀ tóóró kan létí títì, abẹ́rẹ́ giramafóònù tó máa ń tún ṣe látàárọ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. (Nọ́ọ̀sì ló wá lọ bá Bàbá Abẹ́rẹ́! Ẹ wo ayé.) Ó ní ìwà kan tó ń bí oníbàárà nínú: bí o kò bá tíì gbọ́ olórin kan rí, àwo rẹ̀ kan ṣoṣo ló máa tà fún ọ. "Lọ gbọ́ ọ tán kó o tó padà wá. Ẹ̀ẹ̀kan lèèyàn ń ṣe àlejò nílé ẹni, lẹ́yìn ìyẹn, o ti di ará ilé." Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó ń gbà.

Nọ́ọ̀sì sọ orúkọ olórin náà wúyẹ́wúyẹ́. Bàbá na etí, ó ní kó tún un sọ, inú rẹ̀ sì dùn ṣìnkìn, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti béèrè rẹ̀. Ó kó àwo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí káńtà, ó ń fi aṣọ rírọ̀ nù wọ́n.

"Bó o bá bi mí léèrè, èyí ni kó o kọ́kọ́ gbọ́. Ọmọge ni nígbà náà, ayé ń dùn mọ́ ọn. Èkejì yìí, ìfẹ́ ti wọ̀ ọ́, ó ti rí ọkùnrin kan. Ẹ̀kẹta yìí..." Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Kì í ṣe ti àlejò. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, òun ló dùn jù."

Nọ́ọ̀sì wo àwòrán ara páálí àkọ́kọ́. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ kéré sí ọmọ tí òun fúnra òun bí. Kí lèèyàn fẹ́ bá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ? Èkejì, ti bàbá òun nìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sára ẹ̀kẹta.

"Kí ló dé tó fi rẹ̀ ẹ́, sà?"

"Oyún ni. Ó ti sún mọ́ ìbí, gìtá ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ríbi dúró sí níwájú rẹ̀. Wọ́n ní kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló..."

"Èmi ni!"

Igbe ló fi ké. Ohùn náà gba ìsọ̀ kan, ó ba òun alára lẹ́rù, àfi bí ẹni pé ẹlòmíràn ló gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Bàbá Abẹ́rẹ́. Ó di káńtà mú.

"Olúwa ò! Bọ́mọ ò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Ohùn yẹn ni! Òun gan-an ni!"

Ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ tó yé Nọ́ọ̀sì. Bàbá rẹ̀ kò bínú sí i rí. Ohùn aya tó kú ló ń gbọ́ lẹ́nu ọmọ rẹ̀, òun ló ń sá fún wọ yàrá. Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ jókòó sórí àpótí, ó sunkún bàbá rẹ̀ bí kò ṣe sun ún lọ́jọ́ ìsìnkú.

Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "Ẹ gbé ẹ̀kẹta sí i fún mi, sà. Èmi kì í ṣe àlejò níbẹ̀."

Bàbá kò jiyàn. Ó gbé àwo lé e, ó rọra sọ abẹ́rẹ́ kalẹ̀. Gìtá bẹ̀rẹ̀, ohùn tẹ̀ lé e, orin obìnrin tó ń dúró de ẹni tí kò tíì rí. Nọ́ọ̀sì gbé ọwọ́ lé ọ̀fun ara rẹ̀ láti mọ̀ bóyá òun kọ́ ló ń kọ ọ́. Ó dá a mọ̀, ó dá a mọ̀ pátápátá.

Orin náà parí, ṣùgbọ́n ẹni tó gba ohùn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà kò tètè pa ẹ̀rọ. Àga kan dún. Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó sì béèrè, kì í ṣe pẹ̀lú orin mọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni: "Ṣé ó ti tó bẹ́ẹ̀?"

"Kò tíì tó o!" Nọ́ọ̀sì Jẹ́jẹ́ ló dáhùn, àwọn tó ń kọjá ní títì sì yíjú wo ìsọ̀. "Màmá mi, kò tíì tó rárá!"