Mo Ní Kó Bẹ̀bẹ̀

Àbúrò mi ọkùnrin pè mí láti Amẹ́ríkà ní ọjọ́ Sátidé kan tí mo ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́ nílé wa ní Thames View, nílùú ọba níbí. Ọjà kan sọnù ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́, òun ni wọ́n mú. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ju ẹ̀wọ̀n lọ ni pé wọ́n lè gba káàdì tó fi ń gbé ìlú náà lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n dá a padà sí Nàìjíríà, kó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ lọ́hùn-ún.

"Sister mi, lọ́yà ní kí n plead guilty. Ó ní tí mo bá ti plead, no jail, ọ̀rọ̀ tán."

"Ṣebí kó o bẹ̀bẹ̀ náà nìyẹn? Bẹ̀ wọ́n, jàre!"

N kò tilẹ̀ jẹ́ kó mí. Nílé tí wọ́n ti tọ́ wa, "mo jẹ̀bi, ẹ má bínú" kì í ṣe ìjẹ́wọ́, ọ̀nà àtibọ́ nínú wàhálà ni. Ìyá wa lè ní ká kúnlẹ̀ fún aládùúgbò lórí ohun tí a ò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀, kí ilé ṣáà lè rójú. Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, wọ́n sọ ọ́ fún wa títí. Mo pàṣẹ fún un bí ẹ̀gbọ́n, ó ní "Yes, ma," mo sì padà sídìí ọbẹ̀ mi.

Láti ọjọ́ náà ni ojúmìító kóòtù Amẹ́ríkà ti gbé mi wọ̀. Ní ilé ìkẹ́rùsí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní River Road, bí wọ́n bá ti ní ká lọ sinmi báyìí, fóònù mi ti jáde. Mo rí i pé ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní kóòtù tirẹ̀, ìjọba àpapọ̀ tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀, bí ilé tí ìyàwó méjì ti ń dáná ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Láwọn ibì kan, wọ́n ń dìbò yan adájọ́! Adájọ́ á lẹ orúkọ ara rẹ̀ mọ́ pátákó bíi káńsẹ́lọ̀ tó ń wá ìbò ní Goresbrook ládùúgbò wa. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì kọ mí lóminú díẹ̀: bó bá ń wá ìbò, ta ló ń dájọ́ fún? Mo rò pé aráàlú méjìlá tó ń jókòó gbọ́ ẹjọ́ ló ń parí gbogbo rẹ̀. Àṣé ọ̀pọ̀ ẹjọ́ kì í dé iwájú wọn, àwọn lọ́yà á ti dúnàádúrà tán ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyẹn dùn mọ́ mi, torí ó jọ tiwa.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pe ẹjọ́ rẹ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tiwọn ni mẹ́ta ọ̀sán tiwa. Kóòtù náà máa ń gbé ìjókòó rẹ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì jókòó sí káńtíìnì pẹ̀lú ife tíì mi. Adájọ́ náà, obìnrin kan tó fi gíláàsì sójú, bi àbúrò mi bóyá ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bóyá ó lo oògùn tó lè da orí rẹ̀ rú. Ó wá ní bó bá fẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi, wọn yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó jalè, wọ́n sì lè tìtorí ẹ̀ lé e kúrò nílùú.

Tíì dà sí mi lẹ́sẹ̀. Àṣé plead tiwọn kì í ṣe ẹ̀bẹ̀! Mo pe fóònù rẹ̀, ó ti pa á. Mo pariwo sójú fóònù mi pé, "Má gbà o! Má gbà!" gbogbo káńtíìnì yíjú sí mi.

Adájọ́ ṣì ń béèrè. "Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni fipá mú ọ láti sọ pé o jẹ̀bi?"

Àbúrò mi wolẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ma. Wọ́n ní kí n bẹ̀ yín."

Lọ́yà rẹ̀ fọwọ́ bojú. Adájọ́ gbé báírò rẹ̀ sílẹ̀. "Mi ò bi ọ́ ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Ìwọ fúnra rẹ, ṣé o mú ọjà náà?"

"Rárá, ma."

Obìnrin náà ní òun kò lè gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wọlé, kó lọ dúró de àwọn méjìlá. Ó sún ẹjọ́ síwájú.

Nígbà tí àbúrò mi pè mí, mo ṣì ń nu tíì kúrò lára bàtà mi. Inú mi dùn, ojú sì ń tì mí, ni mo bá fi ìbínú bò ó, bí ìṣe mi.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi látọjọ́ yìí pé o ò mú nǹkan kan?"

"Ẹ ò bi mí, Sister mi."