Àmì Pupa Tí Wọ́n Kùn sí Ògiri Mi

Ọ̀ọ́dúnrún fáráǹkì ni wọ́n ń ta àkùkọ ńlá kan lọ́jà Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Méjì ni mo rà. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi o, ayọ̀ ló ń pa mí!

Ẹ fún mi láyè díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí. Ìgbà ìjọba ológun ni, nígbà tí wọ́n pàṣẹ pé kí gbogbo wa máa pe ara wa ní kamaráádì, ìyẹn alájọṣe. Kódà ọkùnrin tó ń jí iṣu mi lóko, kamaráádì ló ń pè mí!

Mo ní bùtíìkì kan, ṣọ́ọ̀bù kékeré, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró. Èmi àti ọkọ mi la jọ fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Ó kú, mo dá parí ẹ̀. Ọṣẹ, iyọ̀, àtùpà, abọ́ tánganran, ibẹ̀ ni mo ti ń tà wọ́n. Ibẹ̀ náà ni oúnjẹ àwọn ọmọ mi mẹ́ta ti ń jáde, mi ò ní òmíràn.

Tìmótì wá ńkọ́? Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ní Boni ni. Nígbà tó wá kàwé ní Ṣábẹ̀ẹ́, ilé mi ló ń sùn, inú ìkòkò mi ló ti ń jẹun. "Ìyá mi" ló máa ń pè mí, á sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ó kàwé tán, ó di akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò wa, àwọn tó ń gbá ọjà, tó ń pọnmi fún arúgbó, tó ń kọ́ ọmọdé níwèé lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn.

Lọ́jọ́ kan, ó wá bá mi. Ó ní ẹgbẹ́ fẹ́ tún ara ṣe. Ó ní àmì wọn àtijọ́, òkè méjì tí wọ́n fi ẹfun yà, ó ti gbó jù. Tuntun ni wọ́n fẹ́: òkè, ọkọ́ àti ìràwọ̀, gbogbo ẹ̀ pupa fòò. Wọ́n sì fẹ́ gba èrò sí i, láti Adido títí dé Boni.

Mo ní, "Ó dáa náà. Kí ló wá kàn mí ńbẹ̀?"

"Ìyá mi, ògiri yín ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, òun ló máa kọ́kọ́ rí."

Orí mi wú! Ta ni orí ẹ̀ ò ní wú? Mo ní kí wọ́n máa kùn ún. Ẹ tún gbọ́ o: èmi gan-an ló ra ọ̀dà! Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú àmì náà, mo se àkùkọ méjèèjì, mo jó. Délégéè, aṣojú ìjọba tó ń ṣàkóso ọjà, wá síbẹ̀, ó jẹ itan kan, ó tún mú apá kan dání lọ sílé.

Èrò wá pọ̀ lẹ́gbẹ́ lóòótọ́. Wọn ò ríbi jókòó. Tìmótì ní kí n jẹ́ kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì kan síwájú bùtíìkì. Mo gbà. Ó ní òjò ń pa wọ́n, kí bẹ́ǹṣì wọlé. Mo gbà. Tábìlì náà tẹ̀ lé e. Àfi bíi pé bẹ́ǹṣì ń bímọ!

Ni délégéè bá dé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ó ní ẹgbẹ́ tó ti tóbi báyìí gbọ́dọ̀ ní bùrò, ìyẹn ọ́fíìsì, tiẹ̀. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Ta ló ni ilé yìí?"

Mo fẹ́ la ẹnu, Tìmótì ti dáhùn.

"Kamaráádì, ẹ ṣáà wo ògiri. Ti ẹgbẹ́ ni. Màmá yìí ló ń bá wa ṣọ́ ọ."

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. "Tìmótì, èmi ni mò ń bá ẹ ṣọ́lé?"

Kò wojú mi. Bàtà délégéè ló ń wò.

Mo ní, "Ọmọ tí mo fún lóúnjẹ ọdún mẹ́rin! Ṣé o ò ní kùn mí lọ́dà pupa pẹ̀lú, kí èmi náà lè di ti ẹgbẹ́?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Rábí tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fa ìró mi, ó ní kí n dákẹ́, kí wọ́n má baà wá gbé mi lálẹ́. Gbogbo wọn ló mọ ẹni tó kọ́ ilé náà. Ta ló sọ̀rọ̀? Kò sẹ́nì kan!

Délégéè ní ilé ti di bùrò, ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ bá ń kó abọ́ mi síta. Mo rí àgádágodo mi lọ́wọ́ Tìmótì. Mo ní, "Kamaráádì délégéè, ìyẹn ńkọ́? Kò sí àmì lára ẹ̀ o!" Délégéè yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn, ó ní òótọ́ ni, ti màmá ni, kí ẹgbẹ́ rà á lọ́wọ́ mi.

Tìmótì tún ní ó wọ́n! Ilé mi ò wọ́n lójú ẹ̀, àgádágodo ló wọ́n.

Lórí ẹní tí mo tẹ́ sílẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ọjà lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ṣì ń fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá pè mí ní "Ìyá mi" lónìí, màá kọ́kọ́ ka abọ́ mi. Ẹ gbọ́ tèmi: bí ẹnì kan bá ń fi ohun yín ṣe fáàrí, ẹ sọ ọ́ lójú ẹlẹ́rìí lọ́jọ́ náà pé tiyín ni. Ẹ má tijú.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló jẹun yín tán tó wá lé yín síta? Ẹ sọ tiyín fún mi, mi ò ní fi yín ṣẹ̀sín ju bí mo ṣe fi ara mi ṣẹ̀sín lọ. Ní tèmi o, gbogbo ohun tí mo rí gbà lórí ilé tí èmi àti ọkọ mi kọ́ ni owó àgádágodo náà, irínwó fáráǹkì ó dín mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.