Ìdákọ̀ró Wa Ti Di Àwátì

Pẹ̀lú ọkàn wúwo ni mo fi kéde fún yín pé ìdákọ̀ró ọkọ̀ wa di àwátì ní Mahintedo láàárọ̀ yìí.

Màámi ní kí n pe ẹ̀gbọ́n mi Táyọ̀ kíá, torí òun ló rà á kó tó lọ ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Jámánì.

Táyọ̀ ò tiẹ̀ kẹ́dùn. Ó ní: “Màámi, ṣé ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ìdákọ̀ró káàkiri ibí? Jámánì ní Anker, Faransé ní ancre, Ítálì ní ancora. Ọwọ́ àwọn Gíríìkì ni gbogbo wọn ti yá a.”

“Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n pè?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi.”

“Kò wá sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń fà á sókè nínú wọn? Ọdún keje rèé tó o ti ju tìẹ sómi níbẹ̀, Táyọ̀.”

Táyọ̀ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Ti Jámánì o, kì í ṣe tiwa.

Ká ní ẹ̀yin ni Táyọ̀, kí lẹ máa sọ?

ÌKÉDE PÀTÀKÌ: A fi ń tó gbogbo ará àdúgbò létí pé a ti rí ìdákọ̀ró náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Màámi. Màámi ní àwọn kàn ń wá ìdí tí a ó fi pe Táyọ̀ ni.