Imú Mi àti Èédú Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Enugu, imú mi ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún ará ilé pé òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀yin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́ á rántí bí koríko ṣe máa ń ga lásìkò yẹn, tí orí rẹ̀ á yọ òdòdó bí ìrù ẹṣin. Lẹ́yìn ilé wa ní àdúgbò Obiagu, inú rẹ̀ la ti máa ń yí gbirigbiri bí a bá ti ilé ìwé dé. Bí mo bá wọlé, ojú á máa yún mi, màá máa sín títí n kò fi ní gbóòórùn okpa gbígbóná, oúnjẹ ibẹ̀ tó dà bí ọ̀lẹ̀, tí ìyá mi rà. Ìyá mi á fi aṣọ bò mí lórí abọ́ omi gbígbóná tó bu ewé efinrin sí, á tún bá mi wí nítorí aṣọ ilé ìwé tí mo fi nu imú.

Akọ̀wé ni bàbá mi lẹ́nu ihò tí wọ́n ti ń wa èédú. Bí ó bá ti yọ lókèèrè nírọ̀lẹ́, mo máa ń sáré lọ dì mọ́ ọn. Òórùn èédú ara ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni mo mọ̀ sí òórùn bàbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí sísín náà kò lọ, ó ní eruku èédú òun ló ń ṣe mí. Ó ní, “Igi gan-an-gan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.” Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn ilé ìdáná ló ń gbà wọlé, kò sì jẹ́ kí n fara kan òun mọ́. Ó dùn mí ju sísín lọ.

Nígbà tí àsìkò náà tún dé, ó ní kí n lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá òun ní Ọ̀fà, níbi tí kò sí èédú. Ìyá mi mú mi wọ ọkọ̀ ojú irin tó yípo gba Kàdúná, àwa méjèèjì sì sunkún débẹ̀. Koríko yí ilé ìyá àgbà ká, ó ga jù mí lọ. Tọ̀sán tòru ni mò ń sín. Ìyá àgbà wò mí títí, ó di ẹrù mi, òun fúnra rẹ̀ ló mú mi padà.

Bàbá mi ti ibi iṣẹ́ wá pàdé wa ní ibùdókọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó sì sún kúrò lọ́dọ̀ mi. Ìyá àgbà ní, “Àlàó, kò sí èédú ní Ọ̀fà, ó sì sín ju bó ṣe ń sín níbí lọ. Gbé ọmọ rẹ.”

Ó gbé mi. Aṣọ funfun ọrùn mi di dúdú, kò sì sí ẹni tó bá mi wí.

Lóde òní, dókítà kán oríṣiríṣi nǹkan sí mi lápá, ó fi abẹ́rẹ́ họ ọ́, kó lè mọ ohun tó ń mú mi sín. Ojú ibi tó kán ti koríko sí nìkan ló wú. Èédú kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ọmọ ọmọ mi tó jogún imú mi, oògùn ló ń lò, kò sì sẹ́ni tó lé e kúrò nílé. Èmi náà ń lò ó, mo sì ń yẹra fún koríko. Ṣùgbọ́n bí mo bá kọjá níbi tí alágbẹ̀dẹ ti ń fínná, mo máa ń dúró, màá fa òórùn èédú náà símú dáadáa. Òórùn bàbá mi ni.