Kẹ̀kẹ́ Tí Yàhàyá Fún Àna Rẹ̀

Télọ̀ ni mí ní Táíwò Road, mi ò sì lè gé aṣọ láìwọn ẹni tó fẹ́ wọ̀ ọ́. Yàhàyá tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi le jù mí lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́. Bí oníbàárà bá dé, yóò ní kó bọ́ bàtà, kó fi ẹ̀yìn ti ògiri, kó fi ìwé pẹlẹbẹ há abẹ́ itan, yóò wá na tépù láti orí ìwé náà délẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé kẹ̀kẹ́ méjì mẹ́ta síta, tí yóò máa fi férémù wọn wéra: bí irin òkè ṣe ga tó, bí ìjókòó ṣe jìnnà sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó. Bí èèyàn bá ya ẹsẹ̀ lé irin òkè tí àlàfo ìka mẹ́ta kò sí láàárín irin náà àti abẹ́ itan rẹ̀, Yàhàyá kò ní ta kẹ̀kẹ́ yẹn fún un. Mo ti rí i tó dá tíṣà àgbà kan padà sílé nítorí ìka kan péré.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí kan náà ṣe.

Àáfà Abdulqudus ni bàbá Hamidat, ìyàwó rẹ̀. Òkè-Oyi ni wọ́n ń gbé, wọ́n ń dáko, wọ́n sì ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú nírọ̀lẹ́. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ sóko, orúnkún sì ti ń dà wọ́n láàmú. Yàhàyá ní òun yóò fún wọn ní kẹ̀kẹ́ kí orúnkún náà lè sinmi, Bàbá sì wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan. Kẹ̀kẹ́ méjì tó dáa ló wà nílẹ̀. Ọ̀kan ga, ó dúdú, irin òkè rẹ̀ gùn gbọọrọ láti ìjókòó dé iwájú. Irin ti èkejì wálẹ̀, ẹni tó wọ jalabíà lè gùn ún wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ obìnrin ni gbogbo ayé ń pè é.

Mo ti ránṣọ fún Bàbá rí. Mo mọ̀ pé ara wọn ló gùn, ẹsẹ̀ wọn kò gùn rárá. Mo na tépù mi sí Yàhàyá. Ó wò mí bí ẹni tí mo ní kó lọ bú Bàbá. Ta ni yóò sọ fún bàbá ìyàwó rẹ̀ pé kí wọ́n ya ẹsẹ̀, kí òun ti ìwé bọ abẹ́ itan wọn? Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fa èyí tó ga lé wọn lọ́wọ́. Bàbá náà kò gùn ún wò, wọn kò fẹ́ máa yẹ ẹ̀bùn wò lójú ẹni tó fún wọn. Wọ́n ṣàdúà, a bá wọn gbé e sínú bọ́ọ̀sì.

Mo ní, "Yàhàyá, àṣejù, baba àṣetẹ́ ni o."

Ó ní kí n máa rán aṣọ mi.

Oṣù mẹ́fà kọjá. Gbogbo ìgbà tí Hamidat bá pe ilé, Bàbá á ní kẹ̀kẹ́ ń ṣe dáadáa, àlùbáríkà ni. Yàhàyá á wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ojú òun ni tépù òun.

Ní Sátidé kan, ó gun ọ̀kadà lọ kí wọn. Kó tó dé abúlé, ó rí bàbá arúgbó kan níwájú tó ń ti kẹ̀kẹ́, iṣu wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tiro. Àna rẹ̀ ni. Ó rò pé táyà ló jò, ó ní kí ọlọ́kadà rọra. Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n dé ilé àkọ́kọ́, Bàbá dúró, wọ́n gun òkúta kan, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kọjá lórí kẹ̀kẹ́ náà tìpá-tìkúùkù, wọ́n sì ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ wá pẹ́dàlì bí wọ́n ṣe ń ta gọ́n-ọ́n-gọ́n-ọ́n wọ abúlé. Àwọn tó jókòó níta ń kí wọn pé wọ́n kú orí ire àna. Wọ́n ń juwọ́.

Yàhàyá ní kí ọlọ́kadà yí padà. Ọ̀dọ̀ mi ló bọ́ sí.

"Sàídù, ojú ń tì mí," ló wí. "Ẹni tí mi ò mọ̀ rí, mo ń wọ̀n ọ́n. Bàbá ìyàwó mi ni mo kọ̀ tí mi ò wọ̀n." Ó sọ ọ́ tán, ó bo ojú. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀ mí pé kí n bá òun wọ̀n wọ́n, ó ní télọ̀ ni mí, kò ní jọ wọ́n lójú.

Mo kọ̀. Inú ń bí mi. Mo ní ọwọ́ ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Ṣùgbọ́n mo tẹ̀lé e lọ.

A gbé kẹ̀kẹ́ tí irin rẹ̀ wálẹ̀ lọ lọ́jọ́ kejì. Yàhàyá dọ̀bálẹ̀ nínú yàrá Bàbá, kò dìde.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Mo rí yín lọ́nà lánàá."

Ojú ti Bàbá náà, wọ́n ń wo ẹní tí wọ́n jókòó lé. "Ẹ̀bùn ọkọ ọmọ mi ni," ni wọ́n wí. "Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ pé n kò lè gùn ún?"

"Ẹ jẹ́ kí n wọ̀n yín, Bàbá."

Bàbá dìde, wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n ká jalabíà sókè. Yàhàyá kúnlẹ̀ pẹ̀lú tépù mi. Ojúgun wọn méjèèjì kún fún ọgbẹ́ níbi tí pẹ́dàlì ti ń gbá wọn, òmíràn ti di àpá, òmíràn ṣì tutù. Orúnkún ọ̀tún wú, awọ rẹ̀ bó níbi tí wọ́n ti ṣubú.

"Mélòó ni?" Bàbá bèèrè, wọn kò wolẹ̀.

Yàhàyá di tépù mú. Omi ti bo ojú rẹ̀, kò rí nọ́mbà kankan. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo bá a kà á.